Fúláàtì ìsàlẹ̀ ní Sábó: bí nọ́ọ̀sì kan ṣe gba ibùgbé lọ́wọ́ ẹbí tí kò tíì pé

Nọ́ọ̀sì kan tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ ilé yìí wá sí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò wa. Òkè Ọya ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà kí àwọn òbí rẹ̀ tó kó padà wá sílé, èdè Haúsá sì ṣì yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ títí di òní. Ó ti pẹ́ tó ti ń háyà ní ìhà Mayfair níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Orúnkún rẹ̀ kò fẹ́ àtẹ̀gùn mọ́, owó tó sì rọra tọ́jú kò tó ra ilẹ̀ kó tún kọ́lé sórí rẹ̀. Ibi kékeré tó ti dúró tán ló ń wá, tí kò jìnnà sí ọjà, tí ẹsẹ̀ ènìyàn kì í dá níwájú rẹ̀. Sábó ló ti rí i.

Ẹni tó bá mọ Ilé-Ifẹ̀ mọ̀ pé Sábó kì í ṣe ti ẹ̀yà kan ṣoṣo. Àwọn Haúsá tí wọ́n bí síbẹ̀, tí wọ́n sì bí ọmọ síbẹ̀, pọ̀ níbẹ̀. Ìgbò wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn, Ebira wà, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì tí kò rí yàrá nínú ọgbà ilé ìwé náà wà, àwọn ọmọ Ifẹ̀ tó nilé sì wà láàrin gbogbo wọn. Ilé tí à ń sọ yìí jẹ́ petẹ́ẹ̀sì, fúláàtì kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Bàbá tó kọ́ ọ wà lára àwọn Yorùbá tó padà wálé nígbà tí ìjọba Gánà lé àwọn àlejò jáde lẹ́yìn àṣẹ ọdún 1969. Ó ra ilẹ̀ náà ní 1971, ó sì kọ́ ilé náà díẹ̀díẹ̀. Bàbá ti di olóògbé. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní àwọn fẹ́ ta ti ìsàlẹ̀, ìyẹn yàrá méjì, pálọ̀, kíṣìnnì, àti ṣọ́ọ̀bù kan tó kọjú sí títì, kí wọ́n lè rí owó tún ti òkè ṣe.

Iye tí wọ́n pè é kò ga. Ilé ti gbó, èyí jẹ́ ìdí kan. Ìdí kejì ni pé àwọn kan ṣì ń bẹ̀rù Sábó nítorí ìjà tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2017. Ó dùn mí bí àwọn tó ń ṣòwò ilé ṣe máa ń fi ìrora ọjọ́ yẹn fa iye ilé wálẹ̀, nígbà tí àwọn tó ń gbé àdúgbò náà ti tún ilé wọn kọ́, tí wọ́n sì ti padà máa rajà lọ́wọ́ ara wọn.

Ìwé tí ìyá náà mú wá jẹ́ rìsíìtì kan tí àjẹ́ńtì kọ, gbólóhùn mélòó kan péré: ẹbí gba owó, ẹbí yọ̀ǹda fúláàtì ìsàlẹ̀, Dáwódù, ìyẹn àkọ́bí ọkùnrin bàbá tó ti di olórí ẹbí, fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kó san ìdajì owó kí ọ̀sẹ̀ tó parí torí pé ẹnì kan ń bọ̀ láti Èkó tó fẹ́ san án lẹ́ẹ̀kan. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó mú sùúrù, kó má tíì san kọ́bọ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni pé kí gan-an lo fẹ́ rà? Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju bó ṣe dún létí lọ. Òfin tí à ń lò kò mọ fúláàtì tó dá dúró sáfẹ́fẹ́, ilẹ̀ ló mọ̀. Ohun tó bá sì dúró lórí ilẹ̀, ti onílẹ̀ ni. Ìwé sọ́fè máa ń ya igun ilẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kì í ya òkè àti ìsàlẹ̀. Bí ìyá yìí bá ra ìsàlẹ̀ tí ẹbí di òkè mú, ta ló ni òrùlé? Ta ló ni àtẹ̀gùn tó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ kọjá? Bí ilé bá wó lọ́la, ta ni yóò kọ́lé sórí ilẹ̀ náà? Rìsíìtì àjẹ́ńtì kò dáhùn ọ̀kankan nínú wọn.

Ó wù ú kí a tà á fún òun pátápátá. Mo ṣàlàyé ibi tí ìyẹn ti léwu. Bí a bá ta ìsàlẹ̀ ní tààrà, tí àwọn ará òkè sì ṣèlérí pé àwọn yóò máa bá a tún òrùlé ṣe, ìlérí ìnáwó bẹ́ẹ̀ ń de àwọn tó ṣe é nìkan. Ẹni tó bá ra òkè lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ iwájú lè sọ pé ìlérí náà kò de òun, ilé ẹjọ́ yóò sì gbè é lẹ́yìn. Nínú háyà ọlọ́jọ́ gígùn, ìlérí náà so mọ́ ilé fúnra rẹ̀: ẹni yòówù tó bá di onílé, ẹni yòówù tó bá jogún háyà náà, yóò bá a níbẹ̀, yóò sì mú un ṣẹ. Nítorí náà mo dábàá háyà ọdún 99: kó san owó ńlá náà lẹ́ẹ̀kan, kó sì máa san náírà kan lọ́dún bí ẹbí bá béèrè fún un.

Inú rẹ̀ kò dùn. “Lọ́yà, láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni mo ti ń sanwó ilé. Ṣé kí n tún wá kú sípò ayálégbé ni?”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára. Mo fi hàn án pé ìwé C of O pàápàá, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí gómìnà ń fún onílé, ọdún 99 ni ìjọba sábà máa ń kọ sínú rẹ̀. Pé àwọn ọmọ rẹ̀ lè jogún háyà yìí, wọ́n lè tà á, wọ́n sì lè fi í yáwó. Ó mú ìwé náà lọ sílé, ó kà á pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ àgbà, ó sì gbà. Bí a ṣe wá sọ ọ́ fún Dáwódù, ńṣe ni ojú rẹ̀ tàn. Ó ti ń ro ohun tí àwọn ará ilé yóò sọ. “Ìyẹn ni pé a kò ta ilé bàbá wa.” Ohun tí mo dá sílẹ̀ láti dáàbò bo ìyá yìí ló tún tu ẹbí lára, àtìgbà náà ni wọ́n sì ti ń bá wa sọ̀rọ̀ láìfi nǹkan pa mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

A wá ìwé kiri ní Òṣogbo níbi tí wọ́n ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀. Kò sí àkọsílẹ̀ kankan lórí ilé náà, kò sí gbèsè báǹkì lórí rẹ̀, kò sì sí C of O. Rìsíìtì 1971 ni ẹbí ní, pẹ̀lú ìbuwọ́lù àwọn tó ta ilẹ̀ fún bàbá. Ẹbí onílẹ̀ náà jẹ́rìí sí i. Wọ́n ti ń gbé inú ilé kí Òfin Ìlò Ilẹ̀ tó dé ní 1978, òfin náà sì ka irú onílé ìgboro bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí gómìnà ti fún ní ẹ̀tọ́. Àwọn kan nínú wa ṣì ń rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò ìfọwọ́sí gómìnà bó bá fẹ́ gbé ilé fún ẹlòmíràn. Ó nílò rẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ bẹ́ẹ̀ láti 1989, háyà ọlọ́jọ́ gígùn náà sì wà lábẹ́ òfin yẹn. Awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ wọn ilẹ̀ náà, ó ri píílà mọ́ ọn, ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ìjọba. Kò sí wàhálà níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ẹbí ni wàhálà wà. Ìdí-igi méjì, ìyẹn ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ tó bí, ni wọ́n kà fún mi: ìyàwó àkọ́kọ́ bí ọmọ márùn-ún, ìkejì bí mẹ́ta. Mo béèrè ìwé ètò ìsìnkú bàbá, torí pé nínú ìwé yẹn ni ẹbí ti sábà máa ń to orúkọ gbogbo ọmọ lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n mú un wá. Ọmọ mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ bára mu, ẹlòmíràn ì bá sì ti dúró síbẹ̀.

Ìyá náà ló ṣí ìlẹ̀kùn tó kù, òun fúnra rẹ̀. Ó ní òun kò lè wọ ilé tí òun kò tíì kí àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Bàbá Haúsá kan tó ń ta àlùbọ́sà ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Nọ́ọ̀sì jókòó ti ìyàwó náà, ó kí i ní èdè rẹ̀, ọ̀rọ̀ fa ọ̀rọ̀. Hajia ní òun mọ gbogbo àwọn ìyá inú ilé yìí, pàápàá èyí tó máa ń dáná ní kíṣìnnì ẹ̀yìn, tó bí ọmọbìnrin kan. Ó ní ọmọ Modákẹ́kẹ́ ni ìyá náà, pé nígbà ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ló kó ẹrù rẹ̀, tó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, tí wọn kò sì padà wá mọ́.

Ìjà yẹn tún bẹ́ sílẹ̀ ní 1997, kò sì rọlẹ̀ títí di 2000. Iye ilé tó tú ká nígbà náà kò ṣe é sọ. Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ ilẹ̀ ní agbègbè yìí gbọ́dọ̀ máa rántí pé kì í ṣe ilé nìkan ló bàjẹ́. Ìyàwó ya kúrò lọ́dọ̀ ọkọ, ọmọ ya kúrò lọ́dọ̀ bàbá, ẹ̀tọ́ wọn sì wà níbi tí wọ́n fi í sí.

Kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀ bí nọ́ọ̀sì bá dákẹ́. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. “Mi ò fẹ́ kí ẹnì kan wà níbì kan tó ń sunkún lórí ilé tí mo fẹ́ gbà darúgbó.” Mo bọ̀wọ̀ fún un fún ọ̀rọ̀ yẹn títí di òní.

Òfin náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí olórí ẹbí bá gbé ohun ìní ẹbí lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ láìsí àṣẹ àwọn tó ń ṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, ẹni tí wọn kò pè lè lọ sílé ẹjọ́ kó ní kí wọ́n fagi lé e, bó bá tètè lọ. Bí kò bá tilẹ̀ sí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ti ọdún 1959 la máa ń tọ́ka sí. Obìnrin sì ń jogún bàbá rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá bí ọkùnrin ṣe ń jogún.

Mo lọ bá Dáwódù, àwa méjì péré. Ó kọ́kọ́ ní kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ọmọ náà wà. Lẹ́yìn náà ó ní bàbá àwọn kò fi ìyá rẹ̀ ṣaya tààrà. Mo dá a lóhùn pé ọmọ tí bàbá bá ti gbà ní ọmọ, ọmọ ni. Pé ìwé ìrìbọmi ọmọ náà ṣì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tí orúkọ bàbá wọn sì wà lórí rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, “Èmi ni mo máa ń pọ̀n ọ́n lọ síbi ìkòkò ìyá rẹ̀.”

Gbọ̀ngán ni a ti rí àbúrò náà, ó ń ṣiṣẹ́ télọ̀. Kò fẹ́ gbọ́ ohun tí mo bá wá. “Ojú títì ni mo ti rí pósítà ìsìnkú bàbá mi. Orúkọ ọmọ mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn mẹ́jọ náà.” Mi ò rọ̀ ọ́ láti fọwọ́ sí nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì tún lọ bá a láìmú ìwé dání, ó rán aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sọ fún un ní tààrà pé òun kò ní sanwó àfi bí télọ̀ náà bá jókòó síbi ìpàdé. Mo gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Kò tíì sẹ́ni tó fi yé obìnrin yẹn rí pé wíwà níbẹ̀ rẹ̀ ṣe pàtàkì.

Àbúrò bàbá wọn ló pe ìpàdé, nínú pálọ̀ òkè. Ẹkún wà, ẹ̀sùn wà, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sọ ọ́ tán kí n tó mú ọ̀rọ̀ owó wá. Ìgbà tí owó wọlé ni ilé tún fẹ́ dàrú. Ìdí-igi àkọ́kọ́ ní kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí, kí ọmọ mẹ́sàn-án gba ìpín mẹ́sàn-án. Bó bá jẹ́ ìdí-igi ni wọ́n fi pín in, ìpín mẹ́ta ni, télọ̀ nìkan yóò sì gba ìkan nínú mẹ́ta. Ẹ lè fojú inú wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tó dé ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ọbabìnrin (Privy Council) ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, ti fi lélẹ̀ pé ìdí-igi ni àṣà tó gbilẹ̀, pé orí-ò-jorí kàn wà fún ìgbà tí àríyànjiyàn bá dé tí olórí ẹbí sì rí i pé òun ló yẹ. Mo sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òfin nìkan kò tù wọ́n lójú. Àbúrò bàbá ló dá a sílẹ̀. Ó bi Dáwódù pé nígbà tí bàbá rẹ wà láyé, báwo ló ṣe pín yàrá nínú ilé yìí? Ó fún ìyá kọ̀ọ̀kan ní yàrá kan. Ó fún ìyá ọlọ́mọ márùn-ún ní ọ̀kan, ó fún ìyá ọlọ́mọ kan ní ọ̀kan. Gbogbo ilé dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Wọ́n pín in sí mẹ́ta. Ìdí-igi àkọ́kọ́ kọ́kọ́ gba owó tí wọ́n ti ná sórí òrùlé láti ọdún pípẹ́ wá, èyí sì tọ́, mo sì gba àwọn agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ mi níyànjú pé kí wọ́n má fojú fo irú ìnáwó bẹ́ẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni ìkùnsínú máa ń sá pamọ́ sí. Télọ̀ béèrè ohun kan sí i: kí orúkọ ìyá rẹ̀ wà nínú ìwé pẹ̀lú ti àwọn ìyàwó méjì yòókù. Mo kọ ọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ àdéhùn, níbi tí a ti ń sọ ìtàn ilé. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí fúláàtì òkè náà wà nínú ìwé kan náà.

Ọ̀ràn bàbá alálùbọ́sà wá kù. Ẹbí ti sọ fún un lẹ́nu pé kó kó jáde ní ìparí oṣù. Ọdọọdún ló ń sanwó, ó sì ti san ti ọdún yẹn fún Dáwódù. Irú ayálégbé bẹ́ẹ̀, oṣù mẹ́fà ni òfin fún un, bí kò bá sì jáde, ìwé ọlọ́jọ́ méje tún wà kí ẹnikẹ́ni tó gbé e lọ sílé ẹjọ́. Nọ́ọ̀sì kò tilẹ̀ fẹ́ lé e kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù. Yàrá ẹ̀yìn nìkan ló fẹ́, ó sì fún wọn láyè títí wọ́n fi rí yàrá míràn nítòsí. A yọ owó àsansílẹ̀ tó kù lọ́wọ́ Dáwódù kúrò nínú iye ilé, a sì kọ lẹ́tà sí Alhaji pé ta ni yóò máa sanwó ṣọ́ọ̀bù fún láti ọjọ́ báyìí lọ, Dáwódù àti nọ́ọ̀sì fọwọ́ sí i. Lẹ́tà kékeré yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Ayálégbé á wá máa sanwó fún ẹni tí kò nilé mọ́, tí onílé tuntun yóò sì máa pè é ní ajẹgbèsè.

Ẹńjìníà yẹ ilé náà wò. Balùwẹ̀ òkè ń jò sórí kíṣìnnì ìsàlẹ̀, dẹ́kì ti ń jẹrà níbẹ̀, irin inú rẹ̀ ti dógùn-ún, sìmẹ́ǹtì ń bọ́ sórí ààrò. Kí a má bàa máa fa iye, a di apá kan owó náà mú sí àkáǹtì ọ́fíìsì wa títí ẹbí fi tún balùwẹ̀ àti dẹ́kì ṣe tí ẹńjìníà sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n yára ṣe é. Mítà kan ṣoṣo ló wà fún ilé méjèèjì, gbèsè iná àtijọ́ sì wà lórí orúkọ bàbá; ẹbí san gbèsè náà, wọ́n sì ya mítà sọ́tọ̀. Kànga àti ṣọ́kàwè jẹ́ ti àjọlò, ìdajì-ìdajì ni ìnáwó wọn. Òrùlé náà bẹ́ẹ̀. Ará òkè kò gbọ́dọ̀ gbé ilé míràn lé orí èyí tó wà. Bí ilé bá wó, ìyá náà ní ẹ̀tọ́ sí ìdajì ilẹ̀ fún iye ọdún tó bá kù.

Lọ́jọ́ ìfọwọ́sí, aṣojú ìdí-igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò wọn. Àbúrò bàbá kò mọ̀wé, nítorí náà a ka gbogbo rẹ̀ fún un ní Yorùbá, ẹni tó kà á sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sí i. Owó kò gba ọwọ́ ẹnì kan. Àkáǹtì mẹ́ta ló wọ̀, ìdí-igi kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀.

Ní àkókò òjò tó tẹ̀ lé e, páànù ṣí níhà kan. Nọ́ọ̀sì mú ẹ̀dà ìwé lọ bá Dáwódù, ó ka ibi tí òrùlé wà fún un. Dáwódù mú ìdajì owó wá, ó sì bá káfíńtà dúró títí iṣẹ́ fi parí.

Fáìlì ìfọwọ́sí gómìnà ṣì wà ní Òṣogbo bí mo ṣe ń kọ èyí. Títí yóò fi jáde, mo ti sọ fún ìyá náà ohun tó ní lọ́wọ́ àti ohun tí kò tíì ní: ó ti sanwó, ó ti gba kọ́kọ́rọ́, àwọn tó yẹ kó fọwọ́ sí i ti fọwọ́ sí i, ilé ẹjọ́ yóò sì dáàbò bo ìyẹn, àmọ́ kó má tíì fi í yáwó ní báǹkì, kó má sì gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹ̀yin àjẹ́ńtì àti agbẹjọ́rò tí ẹ ń ta irú ilé báyìí ní Sábó, ní Ìlódè tàbí ní Ìrẹ́mọ, ẹ lọ jókòó ti ayálégbé tó pẹ́ jù nínú ilé náà kí ẹ tó kọ ìwé, ẹ sì bi í pé àwọn ìyá mélòó ló ti dáná níbẹ̀.